Ìyàtọ̀ Àwọ̀ àti Rírọ̀ Aṣọ: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín lórí Aṣọ Ọkùnrin

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹjọ́ kan náà ni gbogbo lẹ́tà tó wá láti Òṣogbo lóṣù yìí ń rò. Aṣọ náà wuyì lórí ìkọ́, owó rẹ̀ kò kéré, télọ̀ tó rán an mọ iṣẹ́, síbẹ̀ nígbà tí olówó rẹ̀ gbé e wọ̀, kò rí bí ó ṣe rò. Ibi méjì là ń kọ́kọ́ wò nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni bí àwọ̀ kan ṣe jìnnà sí èkejì lára aṣọ, àti bí gbogbo wọn ṣe jìnnà sí àwọ̀ ojú ẹni tó wọ̀ wọ́n. Èkejì ni bí aṣọ ṣe le tàbí bí ó ṣe rọ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì so mọ́ra: bí àwọ̀ bá yàtọ̀ síra gan-an, tí aṣọ náà sì tún le gbagidi, aṣọ la óò rí, a kò ní í rí ènìyàn.

Mo fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, mo sì dúdú dáadáa. Télọ̀ ní kí n rán kóòtù dúdú, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì dúdú. Àbúrò mi obìnrin ní rárá, kí n rán àwọ̀ tíì onímílíkì. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? (Ọkọ ìyàwó, Òkè-Fíà)

Ẹ kú ìmúra, Olúwa á jẹ́ kó yẹ yín. Ká tó sọ̀rọ̀ aṣọ, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ojú. Irun yín dúdú, ara yín dúdú, àwọn méjèèjì sún mọ́ra. Ti ẹni tó pupa, tí irun rẹ̀ wá dúdú kirikiri, kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ní ìyàtọ̀ nínú. Ìdí nìyẹn tí aṣọ kan náà fi ń ṣe ohun ọ̀tọ̀ lára ènìyàn méjì.

Ojú ẹni tó ń wò máa ń sáré lọ síbi tí nǹkan kan ti dá yàtọ̀ sí ìyókù. Bí ẹ bá wọ kóòtù dúdú, tí ara yín náà sì dúdú, ohun kan ṣoṣo tó dá yàtọ̀ ni ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wà láàárín. Àyà yín ni àwọn àlejò yóò máa wò. Ṣùgbọ́n bí kóòtù bá jẹ́ àwọ̀ yanrìn tàbí ti tíì onímílíkì, tí ṣẹ́ẹ̀tì sì funfun, gbogbo aṣọ ti di ohun kan ṣoṣo tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú yín ló wá dá yàtọ̀ lórí rẹ̀. Fún ìgbéyàwó ọ̀sán, àbúrò yín ló gba ọ̀rọ̀ náà sọ.

Kì í ṣe pé dúdú àti funfun kò yẹ ẹni dúdú o. Bó bá jẹ́ òun lọkàn yín fẹ́, ẹ kàn dín ìjìnnà wọn kù: kí kóòtù jẹ́ búlúù tó jìn, kí ṣẹ́ẹ̀tì má funfun báláú, kó rí bíi wàrà, kí táì sì jẹ́ pupa tó ti ń wọ inú dúdú. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè yóò ṣì pè é ní dúdú àti funfun, ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ rí ojú yín.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó. Láàárọ̀, ẹ dúró ní ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí oòrùn kò ti kàn yín. Ẹ gbé aṣọ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ àgbọ̀n, kí ẹnìkan ya fọ́tò rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ yí fọ́tò náà sí dúdú-àti-funfun lórí fóònù. Ó nídìí tí a fi ní kí ẹ yọ àwọ̀ kúrò. Pupa àti àwọ̀ ewé lè jọ ohun tó yàtọ̀ síra pátápátá, kí wọ́n sì jẹ́ eérú kan náà nínú fọ́tò yẹn. Ìyẹn ni pé lókèèrè, wọ́n á wọ inú ara wọn. Ẹ wo ohun tí ojú yín kọ́kọ́ bá pàdé. Bó bá jẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ìjìnnà àwọ̀ ti pọ̀ jù. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ọrùn parí sí tí aṣọ ti bẹ̀rẹ̀, ó ti kéré jù.

Bàtà dúdú lábẹ́ aṣọ àwọ̀ tíì máa ń fa ojú lọ sísàlẹ̀, ẹ lo búráùn tó jìn. Bẹ́líìtì kó jọ bàtà, kó má sì fẹ̀ ju ínṣì kan àti díẹ̀ lọ, pàápàá bí ẹ kò bá ga, nítorí ìlà tó yàtọ̀ ní ìbàdí ń gé ènìyàn sí méjì. Bọ́tìnì kó jẹ́ àwọ̀ kóòtù tàbí kó fi díẹ̀ dúdú jù ú lọ. Kí ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yọ síta bí ìdajì ínṣì. Fífẹ̀ táì kó sún mọ́ fífẹ̀ etí kóòtù, ìyẹn ibi tó ṣẹ́ padà ní àyà. Bí etí kóòtù bá jẹ́ ínṣì mẹ́ta, táì ínṣì méjì á dà bí okùn lórí rẹ̀.

Mò ń ránṣọ. Àwọn oníbàárà ń sọ pé bùbá àti káfútáànì mi ń le gbagidi ní ọrùn àti àyà, iṣẹ́ ọnà sì ń fa aṣọ jọ. Sítéè tó le, ìyẹn aṣọ onígọ́ọ̀mù tí a ń lẹ̀ mọ́ inú aṣọ, ni mò ń lò kí aṣọ lè dúró dáadáa. (Aránṣọ, Ìgbóná)

Ọ̀gá, sítéè náà gan-an ni. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ti gbà pé aṣọ tó le ni aṣọ tó níye lórí, télọ̀ sì ń ṣe ohun tí wọ́n fẹ́, ṣùgbọ́n aṣọ wa kì í ṣe kóòtù ológun. Wíwálẹ̀ ni ẹwà bùbá àti agbádá. Bí agbádá bá kọ̀ tí kò ká sórí èjìká, tó dúró bí àtíbàbà, iṣẹ́ ti bàjẹ́, bó ti wù kí ọnà rẹ̀ dára tó.

Ìlànà tí a máa ń tẹ̀ lé ni pé sítéè gbọ́dọ̀ rọ̀ ju aṣọ tí a fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ lọ. Ẹ gé àjákù aṣọ méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ínṣì mẹ́fà kó sì fẹ̀ ní ínṣì méjì. Ẹ lẹ sítéè mọ́ ọ̀kan, ẹ fi èkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ na àwọn méjèèjì kọjá etí tábìlì. Èyí tí ẹ lẹ sítéè mọ́ lè fi díẹ̀ lọ́ra láti tẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá nà gbọnrangandan bíi páálí, ẹ wá èyí tó fúyẹ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ẹ ń lẹ̀ ẹ́ sí tún kù. Inú ọrùn, ojú ibi tí bọ́tìnì wà, ẹnu àpò àti ọwọ́ aṣọ ti tó. Àyà lódindi kò nílò rẹ̀. Ẹ gé sítéè kó fi ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì kéré sí aṣọ yíká, kó má bàa wọ inú ojú rírán. Bó bá wọ ibẹ̀, ojú rírán á nípọn, ọrùn á sì máa dúró yà sẹ́yìn. Ní ti gínní tí wọ́n ti fi sítáàṣì lù, ẹ má tilẹ̀ lẹ nǹkan kan mọ́ àyà rẹ̀. Igi tí wọ́n fi lù ú ti ṣe iṣẹ́ yẹn.

Kí ẹ tó gé aṣọ, ẹ jẹ́ kó sún kì ní àsunkì rẹ̀. Aṣọ òwú, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ sá a síbòòji, ẹ lọ̀ ọ́. Sítéè tí wọ́n hun, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fi kọ́, ẹ má fún un. Bí ẹ bá fo èyí, ọjọ́ tí oníbàárà bá kọ́kọ́ fọ aṣọ ni aṣọ yóò sún kì, sítéè kò ní í sún kì bíi tirẹ̀, ọrùn á wá wú káàkiri. Nígbà tí ẹ bá ń lẹ̀ ẹ́, ẹ fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ gbé e sókè, ẹ gbé e sí ibi tó kàn. Ẹ má wọ́ ọ. Ẹ wá fi aṣọ sílẹ̀ lórí tábìlì títí yóò fi tutù pátápátá. Gọ́ọ̀mù tó ṣì gbóná kò tíì dì mú nǹkan kan, bí ẹ bá ṣe ká a nígbà yẹn ni yóò ṣe dúró. Àwọn aṣọ bíi àtíkù tí òwú oníke wà nínú wọn kì í fẹ́ iná tó pọ̀, ẹ fi àjákù dán an wò ná.

Ní ti ọnà tó ń fa aṣọ jọ, ẹ yí aṣọ padà kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Òwú bọ́bìnì, ìyẹn òwú ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, yẹ kó hàn ní àárín ọnà, bí ìdá kan nínú mẹ́ta fífẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá rí òwú bọ́bìnì lókè, òwú òkè ti le jù, ẹ tú u díẹ̀. Bí òwú bá dára tí aṣọ ṣì ń fà jọ, á jẹ́ pé ẹ na aṣọ jù nínú férémù: ó nà nígbà tí ẹ ń ṣe ọnà, nígbà tí ẹ yọ ọ́, ó padà sí ìwọ̀n rẹ̀, ọnà kò lè bá a padà. Kí aṣọ tẹ́ pẹrẹsẹ, kó má le bí awọ ìlù. Ẹ fi sítéè oníyíya sí abẹ́ ọnà nìkan, kí ẹ sì ya ìyókù kúrò bí ẹ bá ṣe tán.

Àwọ̀ òwú ọnà ńkọ́? Lórí aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ mú òwú tó fi díẹ̀ dúdú ju aṣọ lọ, kì í ṣe dúdú kirikiri. Ọnà náà á hàn fún ẹni tó bá sún mọ́ ọn, èyí sì tó fún káfútáànì. Agbádá lè gba jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí aṣọ òde ni, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ẹ tún wo abíyá káfútáànì yín. Bó bá ń gbé gbogbo aṣọ sókè nígbàkígbà tí oníbàárà na ọwọ́, ẹ ti gé abíyá sísàlẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ló rò pé abíyá tó jìn sísàlẹ̀ ló ń fún ọwọ́ láyè. Òdìkejì rẹ̀ ni. Bí abíyá bá sún mọ́ ara, ọwọ́ nìkan ni yóò máa lọ, aṣọ á dúró sí àyè rẹ̀.

Kóòtù tí mò ń wọ̀ lọ síṣẹ́ ti yọ róró níwájú bí ẹni tí iná jó. Ṣé ó ṣeé tún ṣe? Àti pé télọ̀ kan ní kóòtù tí kò ní páàdì èjìká kò tíì parí. Ṣé òótọ́ ni? (Òṣìṣẹ́ ìjọba, Abẹ́rẹ́)

Gọ́ọ̀mù tó so aṣọ òde pọ̀ mọ́ aṣọ inú ló ti tú. Ohun tó sábà ń fà á ni omi nígbà fífọ̀, áyọ́ọ̀nù tó gbóná jù, tàbí kóòtù tí a gbé sẹ́yìn ọkọ̀ nínú oòrùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bí róró náà bá kéré, ẹ tẹ́ aṣọ funfun tí a rẹ sómi tí a sì fún dáadáa lé e, ẹ fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná jù tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó gbé e. Ó lè lẹ̀ padà fún ìgbà díẹ̀. Bó bá ti tú káàkiri àyà, kò sí àtúnṣe tó máa pẹ́, ẹ má nawó sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, tuntun ni o, òkìrìkà ni o, ẹ fi ìka méjì mú aṣọ òde níwájú nítòsí bọ́tìnì ìsàlẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ kejì mú láínínì lẹ́yìn rẹ̀, ẹ rọra fà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ bá rí i pé aṣọ kẹta wà láàárín tó ń rìn fúnra rẹ̀, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi so ó, kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Irú èyí ló máa ń rọ̀ mọ́ àyà bó bá ti pẹ́ lára. Nínú òkìrìkà, a lè rí i lówó pọ́ọ́kú, nítorí àwọ̀ ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ń wò.

Ọ̀rọ̀ páàdì kì í ṣe òótọ́. Ní Nápólì ní Ítálì, ní àwọn ọdún 1930, Vincenzo Attolini tó ń gé kóòtù nílé iṣẹ́ Rubinacci yọ páàdì àti ọ̀pọ̀ aṣọ inú kúrò kí kóòtù lè fúyẹ́ bíi ṣẹ́ẹ̀tì. Ní àwọn ọdún 1970, Giorgio Armani, oníṣẹ́ ọnà aṣọ ọmọ Ítálì, gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ dé ọjà gbogbo ayé. Bí ooru bá mú ní Òṣogbo, a kò rí ìdí tí ènìyàn yóò fi ru páàdì nípọnnípọn kiri. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́: èjìká kan sábà máa ń wálẹ̀ ju èkejì lọ. Ẹ jẹ́ kí télọ̀ fi páàdì tín-ín-rín sí ẹ̀gbẹ́ tó wálẹ̀ nìkan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀gbẹ́ yẹn á ká jọ.

Fìlà mi dúdú, ṣòkòtò mi dúdú, síbẹ̀ wọn kò jọra lóde. (Akẹ́kọ̀ọ́, Kẹ́lẹ́bẹ̀)

Dúdú kan ní búlúù nínú, òmíràn ní pupa tàbí ewé nínú. Iná inú ṣọ́ọ̀bù kì í fi í hàn, oòrùn ló ń tú u fó. Ẹ máa gbé aṣọ dé ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó sanwó. Èyí tí ẹ ti rà, ẹ má fi sún mọ́ ara wọn: ẹ wọ fìlà yẹn pẹ̀lú ṣòkòtò àwọ̀ eérú. Ìyàtọ̀ tó hàn gbangba dára ju dúdú méjì tó fẹ́ jọra tí kò jọra.

Mo ra bùbá àdìrẹ, mo wọ̀ ọ́ sórí ṣòkòtò funfun, aró sì ba ṣòkòtò jẹ́. Mo ti fi iyọ̀ rẹ ẹ́. (Òǹkàwé, Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun)

Iyọ̀ kì í di aró mú, ọtí kíkan náà kì í ṣe é. Nínú ìkòkò, aró wà ní ipò tó fi lè wọ inú òwú. Nígbà tí alaró bá gbé aṣọ síta tí afẹ́fẹ́ kàn án, ó di búlúù, ó sì há sínú òwú. Èyí tí kò ráyè wọlé dúró lójú aṣọ, òun ló ń ra mọ́ nǹkan. Fífọ̀ ni a fi ń mú un kúrò. Ẹ ṣan án nínú omi tútù léraléra, ó lè tó ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà, títí omi yóò fi mọ́. Ẹ fi ọṣẹ tí kò le parí rẹ̀, ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ sá a síbòòji. Lẹ́yìn náà ẹ fi háńkáṣíìfù funfun tí a rẹ sómi tí a sì fún ra á nígbà mẹ́wàá. Bí háńkáṣíìfù bá ṣì yí padà sí búlúù, ẹ ṣan án sí i. Ṣòkòtò tó bàjẹ́, bó bá jẹ́ òwú funfun gidi, blíìṣì díẹ̀ nínú omi púpọ̀ á yọ aró náà. Ẹ má lọ̀ ọ́ kó tó mọ́.

Títí aró bùbá kò fi ní í ra mọ́ nǹkan mọ́, ẹ wọ̀ ọ́ sórí ṣòkòtò káákì tàbí búlúù tó jìn. Ìlú aró ni Òṣogbo, ẹ kò ní í ṣaláì rí onírúurú ọnà, nítorí náà ẹ wo bí ọnà ṣe tóbi sí. Àdìrẹ oníko tí àmì rẹ̀ wẹ́wẹ́, bí ẹ bá jìnnà sí i, funfun àti búlúù inú rẹ̀ á pò pọ̀ di búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, ojú á sì rọ̀ mọ́ ọn. Ẹlẹ́kọ tó ní àwòrán ńláńlá á dúró gbọin láti òkèèrè. Ẹni tó fẹ́ kí aṣọ rọra sọ̀rọ̀, oníko wẹ́wẹ́ ni kó mú.

Funfun látòkè délẹ̀ ni mo fẹ́ wọ̀ sí ọdún. Mi ò fẹ́ kí àwọ̀tẹ́lẹ̀ hàn. (Òǹkàwé, Gbódofọ̀n)

Àwọ̀tẹ́lẹ̀ funfun ló ń hàn lábẹ́ aṣọ funfun, nítorí ó yàtọ̀ sí ara yín. Ẹ wọ búráùn tó sún mọ́ àwọ̀ ara. Kí bùbá jẹ́ gínní tó ní ọnà nínú híhun, kí ṣòkòtò jẹ́ aṣọ tó dán dínkù, kí gbogbo rẹ̀ má bàa tẹ́ bíi bébà. Kí funfun méjèèjì sì wá láti ara ìdì aṣọ kan náà bó bá ṣeé ṣe.

Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, irun mi funfun tán. Àwọn ọmọ mi ní àwọ̀ eérú ló yẹ mí báyìí. Agbádá aṣọ òkè sì ń wọ̀ mí lọ́rùn, ó ń fún mi lọ́fun. (Bàbá kan, Ayétòrò)

Ẹ kú àgbà, Bàbá. Ẹ dárí ji àwọn ọmọ, wọ́n fẹ́ràn yín ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ewú lórí ojú dúdú ni ìyàtọ̀ tó lágbára jù lọ tí ojú ènìyàn lè ní. Àwọ̀ eérú láti ọrùn dé ẹsẹ̀ kò fi nǹkan kan gbe ewú yẹn lẹ́yìn, á kàn jẹ́ kí ó dà bíi pé ó rẹ̀ yín. Ẹtù ló yẹ yín: aró tó dúdú, pẹ̀lú ìlà funfun tín-ín-rín tó ń dá ewú yín lóhùn. Sányán, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ búráùn fẹ́ẹ́rẹ́, náà dára lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kí nǹkan rọlẹ̀. Àlàárì tó pupa, ẹ jẹ́ kó mọ sórí fìlà.

Agbádá tó ń fún ọ̀fun ń yọ̀ sẹ́yìn ni. Kí télọ̀ má fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn, kó gé iwájú ọrùn sísàlẹ̀ ní ìdajì ínṣì, kí ẹ wọ̀ ọ́ wò, bí kò bá tó kó fi ìdajì mìíràn kún un. Kó yọ láínínì kúrò bó bá ní. Kó dín fífẹ̀ rẹ̀ kù kí etí rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́ nìkan, nítorí aṣọ tí ẹ ń ká sórí èjìká ló ń wúwo. Bùbá abẹ́ rẹ̀ kó jẹ́ òwú tó rọ̀, tí kò ní sítéè rárá.

Fìlà náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi nǹkan líle sínú rẹ̀. Gọ̀bì tó le kì í tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí wọ́n wọn orí yín lókè etí, kí wọ́n fi ìdajì ínṣì kún un, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá gẹ irun tán.